Rọ́bà tí Ẹ́ńjìnnì Fi Ń Mí

Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Rodiat ọmọ mi,

Asalaamu alaekun. Báwo ni òtútù ibẹ̀? Ṣé ó ti lọ, tàbí ó ṣì ń bá yín jẹun? Àwa wà dáadáa níbí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ti gbin àgbàdo sí oko wa lọ́nà Ọ̀dẹdá. Ìyá rẹ wà dáadáa. Ewúrẹ́ wà dáadáa. Kọ́láwọlé, ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú, tó máa ń wọ reluwé lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, òun náà wà dáadáa. Òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí ó máa kọ̀wé kíákíá.

O mọ̀ pé n kò fẹ́ràn fóònù. Ohun tí mo bá gbọ́ nínú rẹ̀, mo ti máa ń gbàgbé ìdajì kí n tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ìwé ni kí o kọ sí mi. Kọ́láwọlé á fi fóònù rẹ̀ ya lẹ́tà mi ránṣẹ́ sí ọ, á sì tẹ tìrẹ jáde níbi iṣẹ́ rẹ̀, n ó ká a sínú fìlà mi, ẹni tí mo bá sì bá pàdé á bá mi kà á.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ìrọ̀rùn, píkọ́ọ̀pù wa, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tu ọ́ìlì. Rọ́bà kan wà tó ti orí ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi fílítà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Inú rẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà. Fílítà rin gbingbin, mọ́tò ń wúkọ́, ó ń rú èéfín búlúù. Mo kọ́kọ́ yọ rọ́bà náà kúrò lára fílítà, mo jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ìyẹn náà ní wàhálà tirẹ̀, n kò fẹ́ sọ ọ́. Ni mo bá dí i. Ṣùkù àgbàdo ni mo fi dí i. Mo gbẹ́ ẹ kó bá ihò mu, mo fi ọ̀rá wé e, mo sì dí i pinpin bí bàbá mi ṣe máa ń dí kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó bá ń gbé e ti oko bọ̀. Kò sí kẹ́ẹ̀gì bàbá mi tó jò rí. Láti àná, ọ́ìlì kò kán síbì kankan.

Ṣùgbọ́n Síkírù mẹkáníìkì wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n ta mọ́tò náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ní kó kúrò níwájú mi. Ìwọ tí ò ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ńlá ṣe ní Kánádà, kọ̀wé sí i pé ohun tí mo ṣe dára. Kọ ọ́ gàdàgbà, kó lè rí i kà.

Fi fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́. Má fi èyí tí o ti bo ojú bí ẹni tó fẹ́ lọ jalè ránṣẹ́ mọ́.

Èmi bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì


Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò. Ẹ yọ ṣùkù yẹn. Ẹ má tíì ka ìyókù lẹ́tà yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ yọ ọ́.

Ṣé ẹ ti yọ ọ́? Ó dára. Bí iná bá ṣe ń jó lórí písítìn, afẹ́fẹ́ gbígbóná díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń darúgbó sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń yọ́ kọjá ń pọ̀ sí i. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Rọ́bà yẹn ni imú tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ẹ̀yin sì fi ṣùkù dí i nímú. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kì í mí, Bàbá, ó kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ́ńjìnnì jọ ni èyí tí a rẹ ẹ̀gẹ́ sí fún fùfú. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ dé e pa nígbà tí mo wà ní kékeré, tó bú gbàmù lọ́sàn-án gangan, tí fùfú lẹ̀ mọ́ àjà wa títí di Iléyá?

Ọ̀rọ̀ kejì. Kí ló dé tí Kọ́láwọlé fi ń bá yín kọ lẹ́tà? Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, ọwọ́ Ìyá ni mo mọ̀. Ẹ̀yin ní Ìyá wà dáadáa, ewúrẹ́ wà dáadáa, lórí ìlà kan náà. Mo rò pé ara Ìyá kò yá. Mo pè wọ́n. Mo ní, "Ìyá, ṣé ara yín le?" Wọ́n ní, "Ara mi le." Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò bá Bàbá kọ lẹ́tà?" Wọ́n ní, "Bi bàbá rẹ," wọ́n sì ní aró àdìrẹ ń dúró de àwọn.

Bàbá, mò ń bi yín.

Ọmọ yín,
Rodiat


Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Rodiat,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, mo sì gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdí tí n kò fi tètè fèsì ni pé mo fẹ́ kí ṣùkù náà kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. N kò yọ ọ́. Ó ṣe dáadáa lọ́jọ́ kìíní, ó ṣe dáadáa lọ́jọ́ kejì, mo sì ń fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ Síkírù. Ọjọ́ tí mo kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, mò ń gun òkè kan, mo tẹná, mo gbọ́ "pọ́ọ̀!" Géèjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, fò jáde nínú ihò rẹ̀, ó lọ kọ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣùkù tẹ̀lé e. Ọ́ìlì dà sórí ẹ́ńjìnnì, èéfín bò mí mọ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà dúró, wọ́n rò pé mò ń jóná. Nígbà tí wọ́n rí ṣùkù nílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ṣé epo ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ṣé àgbàdo lẹ wá ń rọ sí mọ́tò ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo dúró kí wọ́n lọ tán ná.

Ó dára. O ní fùfú ni. Fùfú náà ni.

O bi mí nípa ìyá rẹ. N kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Kọ́láwọlé ní bí n kò bá sọ ọ́, o lè máa rò pé àìsàn ni. Nígbà tí rọ́bà yẹn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo lọ gbé ìyá rẹ ní ibi tó ti ń rẹ aró ní Ìtòkú. Ọ̀nà ibẹ̀ há. Mo fi mọ́tò rìn sẹ́yìn títí mo fi sún mọ́ ibi tó sá aṣọ sí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, èyí tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya fúnra rẹ̀, tó sì fi gbogbo ààwẹ̀ ṣe. Mo tẹná kí mọ́tò má baà kú. Rọ́bà tu ọ́ìlì, fíìì, sára aṣọ.

Ìyá rẹ kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó kàn ní, "Bàbá Rodiat, ṣé ẹ rí i?" Mo ní afẹ́fẹ́ ló gbé aṣọ wá bá mọ́tò. Láti ọjọ́ náà, kò wọ Ìrọ̀rùn mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wọ̀ lọ sí Ìtòkú. Ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń kí mi, ó ń gbé omi àlùwàlá fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó wá bá mi kọ lẹ́tà, á ní aró wà lọ́wọ́ òun.

Rodiat, ìjókòó iwájú ṣófo. Láti ọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò náà, ìyá rẹ ló máa ń jókòó síbẹ̀, tí á máa sọ pé "Ẹ rọra" bí a bá ti dé ibi kòtò. Inú máa ń bí mi sí i nígbà náà. Ní báyìí, mo gbé àpò àjílẹ̀ síbẹ̀ kó má baà dà bíi pé kò sí ènìyàn. Àpò kì í sọ pé kí n rọra. Mo ti kó sí kòtò kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo Iléyá ni èmi àti òun jọ máa ń gbé àgbò lọ sí abà wa ní oko. Bí Iléyá yìí bá dé, tí ó bá wọ Márúwá, tí èmi àti àgbò nìkan wá dá lọ, gbogbo abà ni yóò mọ̀. Sọ ohun tí n ó ṣe sí ẹ́ńjìnnì náà fún mi, kó lè máa mí láìtutọ́.

Bàbá rẹ


Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu ojú ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín ọlọ́kadà yẹn títí ọ̀gá mi fi wá wò mí bóyá ara mi yá. Lẹ́yìn náà mo bínú. Afẹ́fẹ́ gbé aṣọ wá bá mọ́tò? Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń nà wá bí a bá purọ́!

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ wá agolo ńlá tí ìdérí rẹ̀ mú dáadáa. Kí Síkírù lu ihò méjì sí ìdérí rẹ̀, kó sì jó páìpù kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà tó ń bọ̀ láti ẹ́ńjìnnì á wọ inú agolo láti ibi kan, kí ẹnu páìpù yẹn gùn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Rọ́bà kejì á jáde láti òkè, á padà sí ibi fílítà. Ẹ fi kànrìnkàn onírin tí a fi ń ha ìkòkò sí àárín. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ibẹ̀ kọjá, ọ́ìlì á fara kọ́ ọ, á kán sí ìdí agolo, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò padà lọ jóná nínú ẹ́ńjìnnì. Kò ní sí ohun tí yóò tú síta. Kí ẹ máa da ọ́ìlì ìdí rẹ̀ nù bó bá ti ń pọ̀. Kí agolo náà jìnnà sí sálẹ́ńsà, irin gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde.

Irú rẹ̀ ni a ń tún ṣe níbí. Ti wa tún le, nítorí nígbà òtútù, omi inú afẹ́fẹ́ yẹn máa ń di yìnyín nínú rọ́bà, àwa sì máa ń wé aṣọ tó nípọn mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ bẹ Ìyá.

Rodiat


Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Rodiat,

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo ṣe gbogbo ohun tí o wí. Síkírù jó agolo náà, ó dára lójú. Ohun tí mo yí padà kò ju ẹyọ kan lọ. Kànrìnkàn onírin máa ń dógùn-ún, mo sì mọ̀ pé kànrìnkàn tiwa, èyí tí bàbá mi fi wẹ̀ títí ó fi kú, kì í dógùn-ún. Òun ni mo kì sínú agolo. Mo sì wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ rọ́bà bí ẹ ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún, nítorí mo ní bó bá dára fún mọ́tò òyìnbó, Ìrọ̀rùn náà kì í ṣe ẹrú.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì fara kan irin gbígbóná kí n tó dé Ṣàpọ́n. Òórùn rẹ̀ gba ìgboro. Obìnrin kan yọjú láti ojú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, Iléyá kò tíì dé, ẹ ti ń sun irun àgbò!" Mo já bùláńkẹ́ẹ̀tì sọ nù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kànrìnkàn bẹ̀rẹ̀ sí í já ní fọ́nrán fọ́nrán, ẹ́ńjìnnì ń fà á mu bí ẹni ń fa ọbẹ̀ ilá. Mọ́tò ń wúkọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síkírù fi ọwọ́ fa fọ́nrán kan jáde nínú fílítà, ó ní, "Bàbá, ọṣẹ ńkọ́?"

Ìwọ lo fà á. Ta ló ní kí o máa sọ ọ̀rọ̀ yìnyín fún ará Abẹ́òkúta?

Ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé pẹ̀lú òórùn bùláńkẹ́ẹ̀tì lára. Ó wò mí. Ó fi ìborùn bo ẹnu. Mo mọ ìgbà tí obìnrin yẹn bá ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ


Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo gbà pé èmi ni mo sọ ọ́ níbi tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ kànrìnkàn, ti yín ni. Ṣùgbọ́n mo tún rò ó, mo rí i pé kànrìnkàn onírin pàápàá lè já bó bá pẹ́. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, ẹ fọ fílítà, kí Síkírù wo inú rọ́bà dáadáa.

Ohun tó yẹ kó wà nínú agolo náà ń bẹ nílé yín. Ẹ wo ajere Ìyá, ìkòkò oníhò tí wọ́n fi ń sẹ́ omi eérú fún aró. Omi kọjá, eérú dúró. Irú rẹ̀ gan-an ni a nílò, ṣùgbọ́n kó jẹ́ páànù. Ọ̀nà kan wà tí Ìyá máa ń gbà to tiwọn kí eérú má baà bá omi lọ. Mo mọ̀ ọ́n. N kò ní sọ ọ́ fún yín.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin fúnra yín, pẹ̀lú ẹnu yín. Títí ẹ ó fi bèèrè, n kò ní kọ ohunkóhun mọ́ nípa ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ yín tó gbó lẹ́nu bíi yín,
Rodiat


Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Bàbá,

Ẹ kò fèsì. Òpin ọ̀sẹ̀ dé, Kọ́láwọlé sì wà nílé, mo bi í lórí fóònù. Ó ní ẹ ní ẹ kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Mo pe Ìyá, mo ní ṣé wọ́n á wọ mọ́tò. Wọ́n ní, "Mọ́tò wo?"

Ẹ jọ̀wọ́. Mo ti sọ pé n kò ní kọ ọ̀rọ̀ mọ́tò mọ́, mo tún kọ ọ́. Ẹ rí i pé èmi ti gbà fún yín. Ó ku ẹ̀yin.

Rodiat


Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Rodiat,

Wo ohun tí o fà. Mo ní kí Kọ́láwọlé gbé àga wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ìyá rẹ ti ń da omi sí eérú, kó sì máa kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ.

Mo ní, "Kọ́láwọlé, kọ ọ́ sí Rodiat pé kó bá mi bi ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń to ajere."

Ìyá rẹ kò gbójú sókè. Ó ní, "Kọ́láwọlé, kọ ọ́ sí Rodiat pé bàbá rẹ̀ ti ń rí ajere yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé. Bí ojú wọn kò bá ríran, kí wọ́n lọ ra awò."

"Kọ ọ́ pé ìyàwó ni mo gbé wọlé, n kò gbé ajere."

Kọ́láwọlé ní, "Bàbá, ṣé kí n kọ ìyẹn?"

"Kọ ọ́!"

"Kọ ọ́," ni ìyá rẹ náà wí. "Kí o sì kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ló gbé ajere wá bá wọn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Kọ́láwọlé. Mo ní kó jókòó dáadáa. Ìyá rẹ ní, "Ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan lọ́wọ́ mi, kó bi mí. Èmi kò sí ní Kánádà. Ibí ni mo jókòó sí."

Omi eérú ń kán. Mo wo ewúrẹ́, ewúrẹ́ wò mí. Mo ní, "Àfúsá, jọ̀wọ́, báwo lo ṣe ń tò ó?"

Jọ̀wọ́ yẹn, Kọ́láwọlé ló fi kún un. N kò sọ ọ́.

(Ẹ̀gbọ́n Rodiat, Bàbá sọ ọ́. Èmi Kọ́láwọlé.)

Ìyá rẹ nu ọwọ́, ó wá jókòó tì mí. Ó ní méjì ni òun máa ń tò léra, ihò tòkè kò sì gbọdọ̀ kọjú sí ihò tìsàlẹ̀. Bí ohun tó ń kọjá bá rí ọ̀nà tààrà, á gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Bó bá ní láti yà, á já ẹrù sílẹ̀. Ó ní kí n gbé páànù wá, òun fúnra rẹ̀ ló fi ìṣó àti òòlù lu ihò náà. Síkírù fẹ́ bá a ṣe é, ó ní kó lọ jókòó.

Ṣùgbọ́n ó ní òun kò tíì sọ pé òun á wọ mọ́tò. Lọ́jọ́ tí a bá tò ó tán, òun á ta aṣọ tẹ́rú funfun tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí n wá tẹná títí yóò fi tó òun. Bí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo bá bà á, òun á wọ Márúwá lọ sí abà, n ó sì ta Ìrọ̀rùn. Mo ní mo gbà.

Rodiat, ṣé ó yẹ kí n gbà?

Bàbá rẹ


Abà wa, lọ́nà Ọ̀dẹdá
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Rodiat ọmọ mi,

Barka dé Sálà. Ṣé ẹ rí ẹran jẹ lọ́hùn-ún? Wo ọwọ́ tó kọ lẹ́tà yìí kí o tó kà á. Ṣé o ti wò ó?

Ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá ni a dán an wò. Ìyá rẹ ta tẹ́rú funfun sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ká apá gbera. Àwọn ará Ìjemọ̀ yọ jáde bí ẹni tó fẹ́ wo eégún. Mo tẹná. Ó ní, "Ẹ tún tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọmọ aráyé fi di etí. Ó ní kí n pa á, mo sì bọ́ sílẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo aṣọ náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó yí i padà. Funfun láúláú. Síkírù tú agolo, ó da ìdí rẹ̀ sínú ife, ó fi hàn wá: ọ́ìlì, dúdú kirikiri, gbogbo rẹ̀ ló dúró síbẹ̀.

Rodiat, ayọ̀ gbé mi. Mo fò mọ́ aṣọ náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, mo ní, "Àfúsá! Funfun ni! Funfun ni!"

N kò rántí pé èmi ni mo mú agolo náà dání nígbà tí Síkírù ń tú u.

Nígbà tí mo tú ọwọ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì wà lára aṣọ, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Síkírù ní, "Yéè." Mo wo ojú ìyá rẹ. Mo ti ń múra láti sọ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mú un jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Rodiat, mọ́tò mọ́, ẹ̀yin lẹ dọ̀tí." Ó ká aṣọ náà, ó gbé e lọ sí Ìtòkú. Ó fi ẹ̀kọ ya etí àmì ọwọ́ mi yíká, ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì rẹ ẹ́ sínú aró. Àárọ̀ ọjọ́ Iléyá ló gbé e jáde. Ó gbé àpò àjílẹ̀ mi sọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ àgbò, ó tẹ́ aṣọ náà sórí ìjókòó iwájú, ó jókòó lé e.

Inú mọ́tò la wà báyìí, lábẹ́ igi òro. Mò ń sọ ọ́, òun ń kọ ọ́ lórí itan rẹ̀. Ìrọ̀rùn kò wúkọ́ láti ilé dé ibí. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé a ti to ajere sínú mọ́tò. Fọ́tò rẹ kò tíì dé o.

Bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì

Rodiat, èmi ìyá rẹ ni. Ara mi le. Ewúrẹ́ náà wà dáadáa. Gbogbo kòtò ni bàbá rẹ kó sí lọ́nà, bí mo tilẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n rọra. Mo rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn kò bẹ̀ mí rárá. Mo ti kọ ọ́.

Àfúsá